Ọwọ́ Òsì Ìlẹ̀kùn

Wọ́n ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i.
Àwa kì í ṣe ọba.
Ilé wa tó jó ní Ẹfọ̀n, ní ẹsẹ̀ òkè,
eérú ló bù sí i, àti gbèsè,
àti ìdajì àpò sìmẹ́ǹtì tó dì gbagidi
nítorí òjò kì í béèrè kó tó dé.

Oṣù mẹ́rìnlá la fi sùn ní pálọ̀ Ìyá Bọ́látitó.
Oṣù mẹ́rìnlá tí mo ń sọ pé "ẹ ṣeun" kí n tó bu omi,
"ẹ ṣeun" kí n tó tan sítóòfù,
títí ọ̀rọ̀ náà fi tẹ́ lẹ́nu mi bí ọbẹ̀ tí kò níyọ̀.
Obìnrin náà ò ṣẹ̀ mí. Oore ló ṣe.
Àmọ́ ẹni tó bá ti ru oore pẹ́
ló mọ bó ṣe ń wúwo lọ́rùn.

Alángbá ló kọ́kọ́ padà.
Kí Fáṣuyì káfíńtà tó kan ìṣó ìkẹyìn mọ́ páànù,
alángbá kan ti wà lórí ògiri, ó ń mi orí
bí ẹni tó ń ṣírò owó iṣẹ́ tí a kò tíì san.
Lẹ́yìn rẹ̀ ni ata wẹ́wẹ́ hù lẹ́yìnkùlé,
láti inú eérú, kò sẹ́ni tó gbìn ín.
Mo ká mẹ́ta. Mo jẹ ọ̀kan ní tútù.
Omijé tó bọ́, mo ní ata ni.

Ìyá ọkọ mi kò gba ẹnu ọ̀nà wọlé.
Ó gba ẹ̀yìn, ó ń fọwọ́ pa ògiri lọ,
ti àtijọ́, ti tuntun,
ó dúró níbi tí méjèèjì ti pàdé.
"Ulé mi rè é," ó wí. Ulé ló máa ń pè é,
ohùn Ẹfọ̀n tí ogún ọdún ní Ṣágámù kò lè bó kúrò lára rẹ̀.
Ó wá béèrè àpótí aṣọ rẹ̀,
àpótí tó fojú ara rẹ̀ rí bó ṣe ń jó.
Kò sẹ́ni tó dáhùn.
Ajíṣafẹ́ ọkọ mi ń wo bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀.
Màmá ní, "Mo mọ̀. Mo kàn fẹ́ béèrè rẹ̀ nínú ulé yìí ni."

Ohun tí iná jẹ, tí mi ò lè kà fún ẹnì kankan:
férémù ìlẹ̀kùn tí a ń fi ọ̀bẹ fa ìlà sí,
ìlà kan fún ọjọ́ ìbí Títómilọ́lá kọ̀ọ̀kan
láti ìgbà tó ti lè dá dúró.
Ó ti pé mọ́kànlá báyìí.
Ó fẹ̀yìn ti férémù tuntun, ó ní kí n fà á.
Mo fà á. Ìlà kan ṣoṣo,
lókè lọ́hùn-ún, kò ní àbúrò nísàlẹ̀,
bí ọmọ tí wọ́n bí lẹ́ni ọdún mọ́kànlá.

Bí òjò bá rọ̀, òórùn èéfín a jí lára ògiri.
Ní ìdájí, ìkùukùu a sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè,
èmi a ta gìrì, màá máa fi imú wá iná kiri,
màá ka orí àwọn tó sùn: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta.
Ìkùukùu ni.
Ìkùukùu lásán ni. Padà sùn.

Lálẹ́ àná mo wọ yàrá lókùnkùn,
ọwọ́ mi lọ sí òsì
síbi tí súwíìṣì wà fún ọdún mẹ́sàn-án.
Ògiri lásán, sìmẹ́ǹtì tútù.
Ọwọ́ ọ̀tún ni oníwáyà tuntun fi í sí, kò bi wá.
Mo dúró bẹ́ẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ mi lára ògiri,
mo fún un láyè kó mọ̀ mí.
Títómilọ́lá ló tan iná.
"Màámi, kí lẹ̀ ń wá?"
Mo ní kò sí nǹkan.
Mo kọjá sí ìdí kùkúmọ̀ omi lẹ́yìn ìlẹ̀kùn,
mo bu ife kan, mo mu ún,
mi ò dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnì kankan.